Ẹ̀ka Pitáyà Ẹlẹ́fun Mẹ́ta

Orí ògiri òkúta ni Tarsicio ti kọ́kọ́ rí Maclovia, tó ń fi ọ̀pá gígùn ká èso pitáyà, tí oje pupa ń kán láti ètè rẹ̀ dé àgbọ̀n. Ó gbàgbé pé búrẹ́dì wà lórí òun. Apẹ̀rẹ̀ yẹ̀, búrẹ́dì fọ́n sílẹ̀.

"Ẹlẹ́búrẹ́dì, ṣé adìẹ wa lo wá bọ́ ni?"

"Tí ẹni tó ni adìẹ bá máa rẹ́rìn-ín báyìí, kí wọ́n jẹ ẹ́ tán."

Mo gbọ́ o. Ilé mi ló kángun sí ọgbà wọn, etí mi kò sì di. Ọmọ ìlú Huajuapan ni Tarsicio, ó wá ṣí ilé búrẹ́dì sí ìkòríta wa. Láti ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn.

Ṣùgbọ́n Bàbá Crisóforo, bàbá Maclovia, kì í ṣe ẹni tí à ń fi búrẹ́dì tàn. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ olóko gbọ́dọ̀ mú ẹ̀ka pitáyà kan hù.

"Mú ẹ̀ka kan," ni bàbá wí. "Tó bá hù lẹ́yìn òjò, ọmọ mi di tìẹ. Tó bá jẹrà, máa bá tìẹ lọ."

Igi méjì ló wà nínú ọgbà náà tó jọra bí ìbejì, ẹlẹ́gùn-ún aláìléwé tó dúró ṣánṣán bí òpó. Èso ọ̀kan dùn, tìkejì kan. Tarsicio ka àwọn ìlà tó yọ bí ebè lára wọn. Ìkan ní mẹ́sàn-án. Èkejì ní mẹ́fà, orí rẹ̀ sì funfun bí ẹni fọ́n ìyẹ̀fun sí i. Ìyẹ̀fun kẹ̀! Ìyẹn yé e. Ó mú ẹ̀ka rẹ̀ kan, òun náà ni pitáyà gidi.

Ayọ̀ kò jẹ́ kó béèrè bí wọ́n ṣe ń gbìn ín. Ọjọ́ náà gan-an ló gbìn ín sẹ́yìn ilé búrẹ́dì, tó ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kẹjọ, Maclovia yà síbẹ̀.

"Yéè! Ṣé ìyẹ̀fun lo pè é ni, tí o ń po omi mọ́ ọn? Ọgbẹ́ ibi tí wọ́n ti gé e kò tíì gbẹ!"

Wọ́n fà á yọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti rọ̀, ó ń rùn.

"Mo ti pàdánù rẹ, Maclovia."

"Panu dé, olólùfẹ́ mi. Mú ọ̀bẹ wá."

 Maclovia gé ibi tó jẹrà dànù. Ó fi ìka sàmì ẹfun mẹ́ta sí i, níhà tó ti le nítorí oòrùn, kí wọ́n lè kọjú ìhà náà sí oòrùn padà; bí ìhà kejì bá kọjú sí i, yóò jó ni. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi gbẹ lábẹ́ ìbòji kí wọ́n tó gbìn ín.

Òjò dé. Ẹ wo wàhálà! Tarsicio á fi ọ̀rá bò ó, á ṣí i, á tún bò ó. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀. Maclovia náà kò róorun sùn.

Nígbà tí òjò dá, Bàbá Crisóforo dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

"Èyí tí mo fún ọ dé àyà mi. Kí ló gé e kúrú?"

"Ó jẹrà, Bàbá. Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo gé e."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ọ̀mùnú kan ti yọ lórí rẹ̀, kò ju èékánná lọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìka bàbá ti bá ẹfun mẹ́ta. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìyá Maclovia nìkan ló ń sàmì báyìí kó tó kú. Ọmọ rẹ̀ nìkan ló sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀."

"Bàbá, èmi ni," ni Maclovia wí, omi lójú. "Ẹ má bínú."

Bàbá nu ẹfun kúrò ní ìka rẹ̀. 

"Ọdún márùn-ún ni yóò lò kó tó so. Ṣé ẹ lè dúró?"

"A ó dúró!" Ẹnu méjèèjì ló ti jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó dáa. Maclovia, gbé àga wá fún mi. Mo fẹ́ jókòó nílé àna mi."