Àga Àyànníyì

"Ní orúkọ Jésù, ẹ̀mí tó ń jẹ ìdáhùn àwọn ọmọ yìí, jáde!"

Òróró ni Àǹtí Morọ́lá ń fi pa ara sáfà, kọ̀ǹpútà àgbà tó ń gba ìdáhùn gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìdánwò rẹ̀ ní Ìsọlọ̀. Láti ọjọ́ Ajé ni nǹkan ti dàrú. Akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ ìdáhùn, ìdáhùn ò ní dé ọ̀dọ̀ sáfà. Àǹtí pààrọ̀ wáyà títí, pàbó ló já sí. Bó bá fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sí sáfà láti dán an wò, èsì òmíràn á padà, òmíràn á sọnù sọ́nà. Ẹni tí à ń pè tó ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan, tó ń dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ta ni kò ní bẹ̀rù rẹ̀?

Ni ojú gbogbo ènìyàn bá lọ sórí àga onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sáfà. Àga Àyànníyì ni, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà kí àìsàn tó mú un lọ lọ́dún tó kọjá.

Ayọ̀kúnmi, ọmọ ẹ̀gbọ́n Àǹtí, tí kọ́kọ́rọ́ yàrá sáfà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ń ṣe àmín kíkankíkan. Òun nìkan ló mọ ẹ̀mí náà. Babáṣọlá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Bọ́ládé ló sọ fún un pé, "Guy, káàdì nẹ́tíwọọ̀kì inú sáfà yẹn la nílò fún ìdíje gẹ́ẹ̀mù wa. Àbí ẹ̀rù àǹtí ẹ ń bà ẹ́ ni?" Ọmọkùnrin tí wọ́n bá ti pè ní ojo kì í ronú mọ́. Ó yọ káàdì náà, èyí tó ń so sáfà mọ́ àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, ó fi ògbólógbòó kan tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ rọ́pò rẹ̀. Àyànníyì gan-an ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Láti ìgbà náà, ẹ̀rù yàrá yẹn ń bà á. Iná kékeré ẹ̀yìn sáfà á ṣẹ́jú, á kú, á tún ṣẹ́jú, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Á sì máa gbọ́ ohùn Àyànníyì: "Rọra, Ayọ̀. Tì í wọlé dáadáa."

"Ẹ gbé àga yẹn síta, kí ẹ dáná sun ún," Àǹtí pàṣẹ.

Rodiat, àbúrò Àyànníyì, tó ń múra ìdánwò àṣewọlé yunifásítì níbẹ̀, bú sẹ́kún. "Ẹ jọ̀ọ́ mà! Orí àga yẹn lẹ̀gbọ́n mi ti ń kọ́ mi ní ìṣirò. Kò lè jẹ ìdáhùn mi láé."

Wọ́n sun àga náà lójú òun àti Ayọ̀kúnmi.

Ayọ̀kúnmi ò lè fara dà á mọ́. Ó sáré lọ sí Bọ́ládé, ó gba káàdì náà lọ́wọ́ Babáṣọlá, ó sì yọ́ wọlé dá a padà. Iná sáfà dúró ṣinṣin. Kò sí ìdáhùn kankan tó sọnù mọ́.

"Àdúrà ti gbà!" Àǹtí fò sókè. "Ẹ̀mí Àyànníyì ti lọ!"

Ayọ̀kúnmi lè dákẹ́. Ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n Rodiat súnmọ́ ọn, ó rọra bi í pé, "Ayọ̀, ṣé lóòótọ́ lẹ̀gbọ́n mi ni?"

"Rárá," ni Ayọ̀kúnmi wí. "Èmi ni." Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lójú Àǹtí.

Àǹtí gba kọ́kọ́rọ́ yàrá sáfà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀," ló wí, ìtìjú sì bá òun náà.

Rodiat jáde lọ síbi eérú àga náà, ó ṣa ìṣó kan níbẹ̀, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Ayọ̀kúnmi.

"Ó yá, dá àga ẹ̀gbọ́n mi padà."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ẹ bá yọ, ẹ lè dá a padà síbi tí ẹ ti yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má di ẹ̀bi yín ru òkú, nítorí kò lè wí tẹnu rẹ̀, ohun tí irọ́ bá sì jó kì í padà.