Gáùn Oníbọ́tìnnì Ẹ̀yìn

"Iwájú ni kó ti ṣí o. Láti ọrùn títí dé ìbàdí."

Mísìsì Ọdúntán ló ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Láńrewájú, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ oṣù márùn-ún, wà léjìká rẹ̀, ó ń fa yẹtí ìyá rẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Julianah, aránṣọ obìnrin ní Ìṣọ̀kùn nílùú Iléṣà, ni wọ́n wà. Sẹ̀gilọlá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ìyá Julianah, kúnlẹ̀ síwájú oníbàárà náà, ó ń fi tépù wọn gígùn ara rẹ̀.

"Bọ́tìnnì ńlá ni kí ẹ lò," ni obìnrin náà tún sọ. "Kí ìbàdí má fún mi, kí n lè pọn ọmọ. Kí ẹ sì bá mi fi àpò sí i lọ́tùn-ún lósì. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo máa padà sẹ́nu iṣẹ́, gbogbo gáùn mi àtijọ́ ni kò sì wọ̀ mí mọ́ látìgbà tí mo ti bímọ."

Ìyá Julianah kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan.

Ọdún kejì tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ kún ilé-ìwé dẹ́nu, tíṣà kò sì tó. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀gbẹ́ni Ògúnlẹ́yẹ, ọ̀gá ilé-ìwé tí Mísìsì Ọdúntán ti ń ṣiṣẹ́, fi gbà kó tètè padà wá pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ó ti là á mọ́lẹ̀ fún un pé àkókò ìsinmi àárọ̀ nìkan ló lè fi fún ọmọ lọ́mú. Bí agogo bá ti lù, kó wà ní kíláàsì. Bí ọmọ bá ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́, kó lọ jókòó sílé títí ọmọ yóò fi já lẹ́nu ọmú. Ọkọ rẹ̀ sì rèé, ó wà ní Ìbàdàn níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni gbogbo ilé gbójú lé.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ sí Ìyá Julianah láti Igbóná, ní Òṣogbo, pé Julianah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti bímọ. Kíá ló di ẹrù rẹ̀.

"Sẹ̀gi," ló wí, "ìwọ ni kó o gé gáùn Mísìsì, kó o sì rán an. Ọwọ́ rẹ ti tó o. Ohun gbogbo tó fẹ́ ló wà nínú ìwé yìí. Má yọ, má fi kún un."

"Ẹ má ṣèyọnu, Màmá. Ẹ bá wa kí ìyá ìkókó o."

Inú Sẹ̀gilọlá dùn débi pé kò lè jẹun ọ̀sán. Ọdún kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyí, wọn kò sì tíì fi odindi aṣọ oníbàárà lé e lọ́wọ́ rí. Ó tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀. Àǹkárá aláwọ̀ aró ni, òdòdó kéékèèké funfun sì wà lára rẹ̀. Ó gbé àlùmọ́gàjí. Ibẹ̀ ni Phebe, tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, ti fa ìwé aláwòrán kan yọ. Ìwé aṣọ òyìnbó ni, ẹnì kan ló mú un bọ̀ láti Èkó.

"Wo eléyìí ná," ni Phebe wí.

Gáùn inú àwòrán náà fún mọ́ ìbàdí bí ìgbà tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ obìnrin náà lára. Ọrùn rẹ̀ pa dé. Bọ́tìnnì kéékèèké, méjìdínlógún, tò láti ẹ̀yìn ọrùn dé ìdí.

"Ó mà rẹwà o," ni Sẹ̀gilọlá wí.

"Èyí tí Mísìsì ń sọ yẹn, aṣọ tí wọ́n fi ń dáná ni. Tíṣà odindi! Bó bá wọ eléyìí dé ilé-ìwé, gbogbo èèyàn ló máa bi í pé ta ló rán an. Orúkọ ta ni wọ́n máa dá? Ìwọ kọ́?"

"Ṣùgbọ́n ó ní iwájú ni kó ti ṣí."

"Bó bá rí bó ṣe yẹ ẹ́ tó, ṣé á tún rántí ohun tó sọ?"

Sẹ̀gilọlá wo àwòrán náà, ó wo ìwé pélébé tí ọ̀gá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ó fi ìwé pélébé náà sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó gé aṣọ.

Ká má parọ́, iṣẹ́ náà dára. Kò sí ojú rírán kan tó wọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ó ká gáùn náà sínú bébà, ó gbé e lọ sílé oníbàárà. Ó bá Mísìsì Ọdúntán níbi tó ti ń wẹ ọmọ, ọṣẹ bò ó lọ́wọ́.

"O ṣé o, ọmọ mi. Bá mi gbé e sórí àga. Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ rẹ."

Àdúrà yẹn gún Sẹ̀gilọlá díẹ̀ láyà, ṣùgbọ́n ó gbé aṣọ sílẹ̀, ó sì lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, ara rẹ̀ kò gbà á kó jókòó. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe máa yin gáùn náà. Ó ní òun ń lọ ra òwú, ó gba ọ̀nà ilé-ìwé. Agogo ìsinmi ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni, àwọn ọmọ ń sá kiri pápá. Ó ń wo ọ̀tún wo òsì, àfi bó ṣe gbọ́ igbe ọmọ láti ẹ̀yìn ilé.

Mísìsì Ọdúntán ló fẹ̀yìn ti ògiri, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì wá ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ àgbàlagbà tó gbé ọmọ wá dúró tì í. Láńrewájú ń ké, ojú rẹ̀ ti pọ́n kankan. Omi ọmú ti rin gbogbo iwájú aṣọ náà.

"Mi ò rí i, ìyàwó mi," ni ìyá àgbà ń wí. "Bọ́tìnnì yìí kéré jù, ojú mi ò mú un. Ọmọ ará ilé wa tó bá ọ dè é láàárọ̀ kò sì sí níbí."

Mísìsì Ọdúntán gbójú sókè, ó rí Sẹ̀gilọlá. "Sẹ̀gi! Jọ̀ọ́, wá bá mi tú u!"

Sẹ̀gilọlá sáré lọ. Àwọn bọ́tìnnì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò wá di ọ̀tá rẹ̀. Ó tú ọ̀kan, ó tú èkejì, ìkẹta há. Ọmọ ń ké. Ó tú ìkẹrin. Obìnrin náà kò lè ní sùúrù mọ́, ó fa èjìká aṣọ náà wálẹ̀ tagbáratagbára. Aṣọ ya. Ọmọ rí ọmú, igbe sì dá wáí. Kò tíì mu tó ẹnu mẹ́wàá tí agogo fi lù.

Àwọn ọmọ kíláàsì Mísìsì wọlé, wọ́n ń pariwo. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Ọ̀gbẹ́ni Ògúnlẹ́yẹ tó yọ sí wọn. Bó ṣe rí aṣọ tó ya, ó yára gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mísìsì, ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyí. Ẹ máa lọ sílé. Ẹ wá rí mi lọ́la."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Ẹ máa lọ sílé."

Obìnrin náà kò dárúkọ aránṣọ kankan. Ó fi ọ̀já ọmọ bo èjìká, ó yíjú sí Sẹ̀gilọlá, ó sì rọra bi í pé, "Ṣé mi ò sọ pé iwájú ni? Òun nìkan ló wọ̀ mí ni mo fi wọ̀ ọ́ wá." Ó dúró síbẹ̀ títí ìyá, ọmọ àti ìyá àgbà fi yà ní kọ̀rọ̀.

"Sọ fún Màmá pé Mísìsì fúnra rẹ̀ ló yí ọkàn padà," ni Phebe gbà á nímọ̀ràn nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù. "Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi mọ̀," ni Sẹ̀gilọlá dáhùn. Igbe ọmọ yẹn ṣì wà létí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Mísìsì Ọdúntán tó dé, Sẹ̀gilọlá ti kúnlẹ̀ sí iwájú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Ó jẹ́wọ́ pé òun lòun kò rán aṣọ náà bí Mísìsì ṣe sọ, kò fi orúkọ Phebe kún un. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnlẹ́yẹ wò ó lọ wò ó bọ̀.

"Ọ̀rọ̀ aṣọ kọ́ ni iṣẹ́ mi," ló wí. "Ṣùgbọ́n o gbìyànjú tó o wá. Mo fún un láàyè títí di ọjọ́ Ajé, kó wá aṣọ tó dáa wọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀ mọ́."

Ọjọ́rú ni Ìyá Julianah dé. Sẹ̀gilọlá kò jẹ́ kó sọ ẹrù kalẹ̀ tán tó fi ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá náà kò nà án, kò sì pariwo. Ó kàn na ọwọ́.

"Mú àlùmọ́gàjí wá. Wàá máa rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, wàá máa rán etí aṣọ, ṣùgbọ́n o ò ní gé aṣọ níbí mọ́ títí n ó fi sọ pé ó tó. Lọ́la, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wà nílé Mísìsì. Ohun tó bá ń ṣe, bá a ṣe é, kó o sì lajú sílẹ̀."

Sẹ̀gilọlá lọ. Ó rí i bí Mísìsì Ọdúntán ṣe ń bẹ̀rẹ̀ fẹ́ iná, ó rí i pé gáùn tó bá fún kò ní jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó rí i pé Láńrewájú a máa di ọrùn aṣọ mú, a máa fà á. Ọmọ pọ wàrà sí ìyá rẹ̀ léjìká, kò sí ibi tó máa fi aṣọ ìnujú sí. Ó bá a pọn ọmọ, ọ̀já náà sì mú un níkùn débi tó fi mọ ìdí tí ìbàdí aṣọ kò fi gbọ́dọ̀ fún. Nígbà tí ọmọ fẹ́ mu ọmú, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù fún ìyá rẹ̀. Èkejì gbé ọmọ.

"Ṣé ẹ ṣì ń bínú sí mi, mà?" ló bi í nígbẹ̀yìn.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Lọ́jọ́ Ajé, mo bínú. Ṣùgbọ́n èmi náà ti fẹ́ràn oge rí. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ rẹwà, Sẹ̀gi. Mo kàn fẹ́ rẹwà kí ọmọ mi sì yó."

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n tú gáùn náà palẹ̀. Nítorí pé ó ti fún jù, aṣọ tó pọ̀ ṣẹ́ kù, wọ́n rí èyí tí wọ́n máa fi fẹ̀ ẹ́ àti èyí tí wọ́n máa fi ṣe àpò. Ìyá Julianah ló gé e. Sẹ̀gilọlá ló ń sọ fún un. "Ẹ jẹ́ kí ojú bọ́tìnnì tóbi tó yìí, Màmá, ọwọ́ kan ló máa fi ṣí i. Ẹ jẹ́ kí àpò sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, kí ọ̀já má bàa bò ó. Kí apá rẹ̀ mọ ní ìgbọ̀nwọ́." Ọ̀gá rẹ̀ ń gé bó ti wí.

Mísìsì Ọdúntán wọ gáùn yẹn lọ sí ilé-ìwé lọ́jọ́ Ajé. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló rán an. Agogo ìsinmi lù, ọmọ mu ọmú, ó yó, ó sùn lọ léjìká ìyá àgbà. Nígbà tí agogo kejì lù, ìyá rẹ̀ ti wà níwájú pátákó, ṣọ́ọ̀kì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnlẹ́yẹ kọjá lójú fèrèsé, kò dúró.

Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí Sẹ̀gilọlá tó tún gé aṣọ. Kò ráhùn. Nígbà tó sì wá di ọ̀gá ara rẹ̀, kì í tẹ́ aṣọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìkọ́kọ́ bi í pé, "Kí lẹ fẹ́ máa ṣe nínú aṣọ yìí?" Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ohun tí Sẹ̀gilọlá kọ́ nìyẹn: kéèyàn mọ iṣẹ́ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí a ń ṣiṣẹ́ fún ló mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti máa wúlò fún un. Ẹ fetí sí i. Bí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ tètè fi ẹnu ara yín sọ ọ́, kí ẹlòmíràn tó jìyà rẹ̀.