Ohun Tí Jẹ́jẹ́lọlá Gbé Sórí Àjà

Òjò ń pa Mákánjúọlá, alùpùpù sì ń wọ́ ọ nílẹ̀. Bí Jẹ́jẹ́lọlá ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn ní Igbótako: ọ̀dọ́kùnrin gíga kan, ẹ̀wù funfun àwọn tíṣà ilé ìwé ìjọ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ń fi èjìká ti irin ńlá kan tí ó ti dípẹtà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Táyà méjèèjì ti rọ̀ sínú ẹrẹ̀. Ọmọbìnrin náà jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó gbìyànjú láti pa ẹ̀rín mọ́ra, ẹ̀rín kọ̀ jálẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀nà o, Tíṣà! Ṣé ẹ̀yin lẹ ń gùn ún ni, àbí òun ló ń gùn yín?"

Mákánjúọlá dúró, ó nu omi kúrò lójú. Ó fẹ́ bínú. Ṣùgbọ́n ó rí èjí tó wà lẹ́nu ọmọbìnrin náà, ó rí ọwọ́ rẹ̀ tí omi ẹ̀gẹ́ ti sọ di funfun dé ìgúnpá, ìbínú náà sì gba ibòmíràn lọ.

"Lónìí, òun ni," ó dáhùn. "Ṣùgbọ́n tí o bá ní sùúrù, wàá rí ọjọ́ tí èmi náà yóò gùn ún."

"Èmi kọ́ lẹ máa kọ́ ní sùúrù. Jẹ́jẹ́lọlá lorúkọ mi."

"Mákánjúọlá ni tèmi."

"Háà! Mákánjúọlá àti Jẹ́jẹ́lọlá! Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún yín, maṣíìnì yìí kò ní í dé ibì kankan."

Ọdún tó ṣáájú ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ́ sẹ́yìn ọ̀kadà lónìí láì wo ojú ẹni tí ń gbé yín, ẹ kò lè mọ ohun tí alùpùpù jẹ́ nígbà náà. Tí ó bá ń bọ̀ láti ọ̀nà Òkìtìpupa, a ó ti mọ olówó rẹ̀ láti ibi ìró rẹ̀, àwọn ọmọ yóò sì sáré jáde kí eruku rẹ̀ lè bà wọ́n. Ayé dùn, ẹ jàre.

Ti Mákánjúọlá kì í ṣe irú èyí tí ọmọdé ń sáré tẹ̀lé. Olùkọ́ ìjọ kan tó ti kú ló ni ín, ẹ̀yìn ilé ìjọ ló sì ti ń jìyà òjò. Adìẹ ti yé sábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Àlùfáà ní kí Tíṣà gbé e lọ kí ojú ilẹ̀ lè mọ́. Ohun tó sì mú kí ó gbé e kò ju ìyá rẹ̀, Morádéyọ̀, lọ, tó ń dá gbé ní Ìyànsàn. Ẹsẹ̀ ń dun ìyá náà. Owó oṣù tíṣà kò tó ra alùpùpù tuntun, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí ọ̀nà ibẹ̀ kò sì láago, nítorí náà ìgbà tí ilé ìwé bá gba ọlidé nìkan ni ọmọ ń fojú kan ìyá.

Ó tú alùpùpù palẹ̀ sórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ń tú u, ó ń ya àwòrán ibi tí ó ti tú u. Iyanrìn odò àti háhá àgbọn ló fi ń ha ìpẹtà. Ó rẹ ṣéènì sínú epo pupa títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Jẹ́jẹ́lọlá kọ́kọ́ wá wo ìran. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a di nǹkan mú. Nígbà tó yá, ó mú abẹ́rẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń rán àpò tí wọ́n ń fún ẹ̀gẹ́ sí wá, ó sì rán aṣọ tuntun sí ìjókòó alùpùpù náà.

"Ó dà bíi pé o wọn ìbàdí mi kí o tó rán an," Mákánjúọlá ní, bó ti jókòó lé e.

"Ibi tí ẹ jókòó lé mo wọ̀n. Ibi ẹ̀yìn yẹn ńkọ́? Ta ni ẹ ní kí n wọ̀n fún?"

Mákánjúọlá wo ilẹ̀. "Wọn ara rẹ. Ọjọ́ tí maṣíìnì yìí bá sọ̀rọ̀, Ìyànsàn ni a ó kọ́kọ́ lọ. Mo fẹ́ kí ìyá mi rí ọ."

Jẹ́jẹ́lọlá ń ká òwú mọ́ abẹ́rẹ́, ó sì ń ká a láìdúró bó tilẹ̀ jẹ́ pé òwú náà ti tán. Ó ti fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, kò sì mọ bí yóò ṣe sọ ọ́ tí kò fi ní í di ẹ̀rín.

Gbogbo ara alùpùpù náà pé níkẹyìn, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Adésànyà, mẹkáníìkì tó wà ní Òkìtìpupa, gbé mágínẹ́tò rẹ̀ yẹ̀ wò, ìyẹn ohun tó máa ń ta iná sí ẹ́ńjìnì. Ó mi orí.

"Omi ló ti wọ inú rẹ̀. A kò lè rí irú rẹ̀ rà mọ́. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ wá ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ gbé e sí. Kì í ṣe iná o, ooru ni. Ẹ jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀."

Òjò kò jẹ́ kí oòrùn yọ lásìkò náà. Mákánjúọlá fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó nù ún, ó jókòó tì í bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn.

"Ooru wọ́ọ́rọ́?" Jẹ́jẹ́lọlá ní. "Àjà wa ńkọ́?"

Púpurù ni ìyá rẹ̀ ń ṣe tà, ẹ̀gẹ́ gbígbẹ tí a ń lọ̀, tí a sì ń rò sínú omi gbígbóná bí ọkà. Bí wọ́n bá rẹ ẹ̀gẹ́ tó rọ̀, tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á mọ ọ́n roboto, wọ́n á tò ó sórí àjà igi tó wà lókè iná, èéfín yóò sì gbẹ ẹ́ títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dú. Jẹ́jẹ́lọlá fi ewé wé mágínẹ́tò, ó tì í sí àárín púpurù nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ sí ìsìn. Kò sí ẹni tó rántí kẹrosíìnì nínú àwọn méjèèjì. Ìfẹ́ ti dí wọn nímú.

Agatha lorúkọ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Iye Jẹ́jẹ́, ìyẹn ìyá Jẹ́jẹ́, ni gbogbo ìlú ń pè é. Opó ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà, kì í dáná púpurù láì kọ́kọ́ gbàdúrà sí i. Àwọn ará Òkìtìpupa ń wá ra tirẹ̀ fi àwọn mìíràn sílẹ̀. Ọmọ́wùmí, tó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló kọ́kọ́ gbé púpurù padà wá.

"Iye Jẹ́jẹ́, ọkọ mi tu òkèlè sílẹ̀ lánàá. Kẹrosíìnì ló ń rùn. Òjò ò jẹ́ kí ugi gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ náà ń da kẹrosíìnì sí uná?"

Kò sí èébú tó burú ju ìyẹn lọ láàárín àwọn tó ń ṣe púpurù. Ọ̀lẹ ló ń da kẹrosíìnì sórí igi tútù kí iná lè yá, kí ó lè tètè tà. Kí ọjà tó tú, wọ́n ti kó ti ẹni púpọ̀ padà wá. Iye Jẹ́jẹ́ ń gbé púpurù sí imú, ó ń gbé e sílẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí òótọ́ ni wọ́n sọ, kò sì mọ bó ṣe jẹ́.

Nígbà tí wọ́n délé, Jẹ́jẹ́lọlá kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́. Ó gbé mágínẹ́tò náà sọ̀ kalẹ̀. Iye Jẹ́jẹ́ gbà á, ó gbé e sí imú.

"Nǹkan ọkùnrin lo gbé sórí àjà mi?"

"Iye mi, ẹ dárí jì mí. N ó lọ sọ fún gbogbo ọjà pé kì í ṣe ẹ̀yin."

"O ò ní í sọ nǹkan kan!" Ìyá náà gbá a lẹ́nu mú. "Ta ni kò mọ̀ lí ulé wa níbí? Nǹkan tí obìnrin bá bá ọkùnrin tọ́jú sórí àjà, nǹkan ọkọ ni. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ ń gbé ìbọn rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni mo ń fi irúgbìn àgbàdo rẹ̀ sí. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ti ọkùnrin tí kò tíì wá tọrọ ọ ló wà níbẹ̀, wọ́n á ní o ti ń ṣe ìyàwó rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Jẹ́ kí wọ́n máa pè mí lọ́lẹ. Mo ti dàgbà. Orúkọ tìrẹ ni kò gbọdọ̀ bàjẹ́."

Ó ní kí ó dá nǹkan náà padà fún olówó rẹ̀, kí ó má sì dé ẹ̀yìn ilé rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, Jẹ́jẹ́lọlá yóò lọ bá Àrìnkẹ́, àbúrò ìyá rẹ̀, ní Èkó.

Ìgbà tí ọjọ́ ọjà ku ọ̀la ni Jẹ́jẹ́lọlá tó lè gbé mágínẹ́tò lọ, pẹ̀lú ẹkún. "Ó ti gbẹ," ó ní. "Ẹ gbà á, Tíṣà mi. Wọ́n ń kó mi lọ sí Èkó."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì sá lọ kí ọkùnrin náà tó dìde. Mákánjúọlá dè é padà sí àyè rẹ̀ nítorí kò mọ ohun mìíràn tó lè fọwọ́ ṣe. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Alùpùpù náà wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì bú sí igbe. Àwọn ará ilé ìtòsí ń pàtẹ́wọ́. Òun nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Ìró tó ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá dà bí ìró ọkọ̀ tí yóò gbé Jẹ́jẹ́lọlá lọ. Ó gùn ún, ó kọrí sí Ìyànsàn.

Morádéyọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà látòkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé e sórí àjà?"

"Ọwọ́ ara rẹ̀ ni."

"Ìyá rẹ̀ sì gbà kí wọ́n máa bú òun nítorí ọmọ?" Ó na ọwọ́ mú gèlè. "O lọ́ra, Mákánjúọlá. Ó yẹ kí o ti wá pè mí tipẹ́. Gbé mi."

Ọjọ́ ọjà ni ọjọ́ kejì. Iye Jẹ́jẹ́ jókòó ti púpurù tuntun tí kò rùn, tí ẹnikẹ́ni kò sì yà sí. Agídí rẹ̀ kò jẹ́ kí ó fi ọjà sílẹ̀. Jẹ́jẹ́lọlá jókòó tì í, ojú rẹ̀ ti wú. Wọ́n gbọ́ ìró alùpùpù. Ó gba àárín ọjà wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, Mákánjúọlá níwájú, ìyá arúgbó lẹ́yìn tó dijú, tó di ọmọ rẹ̀ ní ìbàdí mú ṣinṣin, tó sì ń kọ orin ìjọ sókè.

Nígbà tí alùpùpù dákẹ́ ni Morádéyọ̀ tó la ojú. Ó tiro sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ kú ọjà o. Ta ni iye Jẹ́jẹ́lọlá?"

"Èmi ni, Ìyá."

Arúgbó náà kúnlẹ̀ tòun ti ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Iye Jẹ́jẹ́ ta gìrì dìde láti gbé e sókè, ó kọ̀.

"Mo wá dúpẹ́ uṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó wa."

"Ìyàwó wo?" Ọmọ́wùmí bi í, ẹja ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èyí tó bá ọmọ mi gbé nǹkan maṣíìnì rẹ̀ sórí àjà kí ó lè gbẹ. Kẹrosíìnì tí ẹ gbóòórùn rẹ̀, ara nǹkan yẹn ló ti wá, òun náà ló sì gbé mi dé ibí. Kò sí ẹni tó da kẹrosíìnì sí uná. Àwa ni a jẹ̀bi, ó yẹ kí a ti wá tọrọ ọmọ yín kí a tó gbé ẹrù wa sí ulé yín. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú wa wà lórí yín."

Mákánjúọlá ti dọ̀bálẹ̀ sínú eruku lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Iye Jẹ́jẹ́ kò wò ó. Ọmọ rẹ̀ ló yíjú sí.

"Ìwọ ni mo ń bi. Nǹkan tí o gbé sórí àjà mi, nǹkan ta ni?"

Ọmọbìnrin tó máa ń fi gbogbo ọ̀rọ̀ ṣe àwàdà kò rí àwàdà kan ṣe. Ó wo ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀, gbogbo ojú ọjà sì wà lára rẹ̀.

"Nǹkan ọkọ mi ni, Iye mi."

Ọmọ́wùmí ló kọ́kọ́ hó, ọjà sì gbà á. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ni wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi àwọn àgbà tó ṣẹ́ kù ní Igbótako léèrè ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ra, ọjọ́ ọjà yẹn ni wọn yóò dárúkọ fún yín.

Iye Jẹ́jẹ́ fi etí aṣọ nu ojú. Ó gbé Morádéyọ̀ dìde fúnra rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó púpurù sínú agbọ̀n bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníbàárà ti ń rọ́ bọ̀.

"Jẹ́jẹ́, sáré lọ gbé omi kaná," ó ní. "Àwọn àna wa kò tíì jẹun."