Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Dé Ibi Ẹ̀rọ

Fóònù olóògbé dún lórí àga. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Cecilia, Olúsànyà ọkọ rẹ̀ kò pa fóònù náà. Ó gbé e, ó wọ awò ojú, ó ka ohun tó wọlé.

"Ẹ kú oríire, Mama Cecilia! Èsì ẹ̀jẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ yín ní gbọ̀ngàn ìjọ ní oṣù tó kọjá ti jáde. Kídìnrín yín ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ tuntun. Ọjọ́ orí ara yín ti wálẹ̀ sí mẹ́rìnlélógójì. Ẹ ó pẹ́ láyé! Ẹgbẹ́ Ẹ̀mí-Á-Gùn."

Ó tún un kà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń wí yìí, inú yìnyín ni Cecilia wà ní ilé ìgbókùúsí. Kídìnrín ló sì pa á.

Kò sí ẹni tó mọ̀ nígbà náà pé ó ti kú ju òun, àbúrò olóògbé, àti àlùfáà ìjọ wọn. Olútáyọ̀ àkọ́bí wà lókè òkun. Baba kò sì fẹ́ kí ọmọ gbọ́ ikú ìyá rẹ̀ lẹ́nu ará ìta. A kì í tú irú rẹ̀ síta kí ọmọ tó wọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè Cecilia ní Ẹgbẹ́dá, ìdáhùn kan náà ló ń gbà: "Ó lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ n'Íjẹ̀bú." Ìgbà tí ọmọ dé, tí wọ́n sin ín tán, ni ìròyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Kò tíì dé etí ẹni tó kọ èsì yìí.

Olúwadọ̀tun ni orúkọ onítọ̀hún. Dókítà Dọ̀tun ni wọ́n ń pè é láti Ìkòtún títí dé Ìgandò. Aṣọ funfun, eyín funfun, ẹ̀rín nígbà gbogbo. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń gbé kúlà rẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn ìjọ àti iwájú mọ́ṣáláṣí. Á fa ẹ̀jẹ̀ lápá àwọn àgbàlagbà, á gba ìtọ̀ wọn sínú ìgò kékeré, á sì gba owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ wọn. Tó bá yá, èsì á dé sórí fóònù, pẹ̀lú ohun tó ń pè ní ọjọ́ orí ara. Àwọn ìyá ìjọ ti sọ ọ́ di ìdíje.

"Mẹ́tàlélógójì lèmi o!"

"Lọ jókòó jàre! Méjìdínlógójì lara tèmi!"

Cecilia náà a máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú nígbà yẹn. Ó ní ṣebí èsì òun dára. Ìgbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù ìjọba, dókítà tòótọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Bàbá, ó pẹ́ tí kídìnrín yìí ti ń bàjẹ́. Ṣé ẹ kò ṣe àyẹ̀wò rí ni?"

Olúsànyà dìde, ó wọ bàtà. Ẹnì kan ló wá sí i lọ́kàn, ara rẹ̀ kò sì lè gba ìjókòó mọ́.

Alhaja Nùsírátù, ọ̀rẹ́ Cecilia, ló ń gbé Òkè-Odò, lórí ilẹ̀ tí ìdílé ọkọ rẹ̀ ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Olúsànyà bá a ní pálọ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì lórí àpótí. Wọ́n wú títí ọrùn ẹsẹ̀ fi dàwátì. Ojú rẹ̀ náà ti kún.

"Alhaja, ẹsẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Ooru ni, Bàbá Táyọ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn."

"Bí ti Cecilia ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ṣé ẹ ń lò ó?"

"Dókítà Dọ̀tun ní kí n fi sílẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ti balẹ̀ bíi ti ọmọge."

"Irọ́ ló pa. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ ọsibítù."

Ẹ̀rín kúrò lójú Alhaja. "Ọ̀fọ̀ ló ń bá yín jà. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ṣùgbọ́n ẹ má ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́. Ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí mi láàárín títì? Mi ò lọ síbì kankan."

Táòfíkì, ọmọ rẹ̀ tó ń ta sìmẹ́ǹtì níwájú ilé, tẹ̀lé Olúsànyà jáde.

"Bàbá, ṣé ohun tí ẹ sọ yẹn dá yín lójú?"

Olúsànyà na fóònù sí i. Táòfíkì kà á. "Ìgbà wo gan-an ni Màmá Táyọ̀ kú?"

Ó sọ fún un. Táòfíkì jókòó sórí àpò sìmẹ́ǹtì.

"Ìyá tèmi ńkọ́, Bàbá?"

"Torí ìyá tìẹ ni mo ṣe wá."

Wọ́n jọ lọ sí téṣàn. Ínspẹ́kítọ̀ Charity, obìnrin gíga kan tí kì í yára sọ̀rọ̀, ka èsì náà, ó mi orí.

"Ẹ gbọ́, sà. Tí mo bá mú un lónìí, á ní akọ̀wé òun ló ṣi orúkọ kọ. Lọ́yà ẹ̀ á gbà á kúrò lọ́wọ́ mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ wá nǹkan tí kò ní lè pè ní àṣìṣe fún mi."

Olúsànyà padà sílé, ó ń rìn láti yàrá dé kíṣìnnì, láti kíṣìnnì dé yàrá. Agolo gúlúkóòsì Cecilia ṣì wà lórí tábìlì. Òun ló ń pò mu nígbà tó ń rẹ̀ ẹ́ láìmọ ìdí. Olúsànyà dúró tì í pẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé omi kaná, ó po tíì fẹ́ẹ́rẹ́, láìsí mílíìkì, ó bu gúlúkóòsì sí i ṣíbí kan lórí èkejì. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìtọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Táòfíkì ní òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́. Dọ̀tun wá, ó fa ẹ̀jẹ̀ lápá rẹ̀, ó gba ìgò.

"Ọ̀gá mi, ìtọ̀ yín mà mọ́ o!"

"Mo ń mu omi dáadáa ni."

Ìdajì tíì yòókù wà lọ́wọ́ Charity. Ó gbé e lọ fún nọ́ọ̀sì ní ilé ìlera ìjọba. Nọ́ọ̀sì ti bébà àyẹ̀wò bọ̀ ọ́, àwọ̀ bébà yí kíá. "Ta ló ni ìtọ̀ yìí?" ló pariwo. "Ẹ sọ fún un kó máa bọ̀ kíákíá! Irú ṣúgà wo nìyí?"

"Tíì ni, Sístà."

Nọ́ọ̀sì wò ó tẹ̀gàntẹ̀gàn. "Ẹ̀yin ọlọ́pàá!"

Èsì Dọ̀tun kò pẹ́ kó tó dé sórí fóònù Táòfíkì. Ìtọ̀ yín mọ́ gaara. Ṣúgà kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ọjọ́ orí ara: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

"Ó tó," Charity wí. "Ẹ pè é padà."

Táòfíkì pè é pé àwọn oníbàárà òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́. Wọn kò sọ ohunkóhun fún Alhaja. "Ẹnu ìyá mi kò ní ìlẹ̀kùn," ọmọ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Dọ̀tun dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ Alhaja. "Màmá mi! Ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́." Charity wà láàárín àwọn oníbàárà, ó ró ìró, ó wé gèlè, ó ti ká apá aṣọ sókè. Olúsànyà jókòó sí kọ̀rọ̀. Dọ̀tun ṣí kúlà.

"Dókítà," Alhaja wí, "ẹ tiẹ̀ bá mi kí Bàbá Táyọ̀ kú ará fẹ́ra kù ná. Ọkọ Cecilia wa ni."

Ọwọ́ Dọ̀tun dúró nínú kúlà. "Ará fẹ́ra kù? Ta ló kú?"

"Háà! Ẹ ò gbọ́ ni? Cecilia ti kú láti oṣù tó kọjá. Wọ́n fi pa mọ́ fún gbogbo wa títí ọmọ fi dé!"

Dọ̀tun gbójú sókè. Olúsànyà ń wò ó, kò ṣẹ́jú. Dọ̀tun pa kúlà dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo gbàgbé abẹ́rẹ́ sínú ọkọ̀."

"Dúró níbẹ̀! Ọlọ́pàá!" Charity kígbe.

Kò dúró. Ó gba kíṣìnnì jáde, ó dojú ìkòkò kan dé, ó fo fẹ́ǹsì ẹ̀yìnkùlé, ó bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Táòfíkì gun ọ̀kadà lé e. Charity àti Olúsànyà wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá. Ní ibùdókọ̀ Pleasure, wọ́n rí kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n dábùú rẹ̀. Ẹ̀wù funfun nìkan ló wà lórí ìjókòó.

"Ó ti bọ́lẹ̀," awakọ̀ wí, ó ń gbọ̀n. "Ó ti wọ òmíràn, ọ̀nà Ẹgbẹ́dá."

Olúsànyà na ọrùn síwájú lórí ìjókòó. Bí Dọ̀tun bá wọ inú Ìdímù, ó tán. Á yí orúkọ padà, á ra kúlà tuntun, á tún máa fa ẹ̀jẹ̀ ìyá oníyàá níbòmíràn. "Ẹ tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi," ló ń sọ fún ọlọ́pàá tó ń wa ọkọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Lójú ọ̀nà Ẹgbẹ́dá sí Ìdímù, Dọ̀tun rí ọlọ́pàá méjì níwájú. Ó bọ́lẹ̀, ó yà sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan, kó lè gba ẹ̀yìn jáde. Àwọn ìyá ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àdúrà ọ̀sán ni. Títílọpẹ́, olórí wọn, ló kọ́kọ́ rí i.

"Dókítà wa! Ọlọ́run ló rán yín! Èsì mi dà?"

"Màmá, mò ń kánjú."

"Ìkánjú wo? Ẹ kọ́kọ́ sọ ọjọ́ orí ara mi ná!"

"Tèmi náà, Dókítà!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀!"

"A ò ní fi yín sílẹ̀ o! Ìgbà wo la tún máa rí yín?"

Ọ̀kan di apá rẹ̀ mú, òmíràn di ṣẹ́ẹ̀tì. Bó ṣe ń já ara rẹ̀ gbà ni ìfẹ́ ń pọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni Táòfíkì bá a, tí Charity wọlé pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ọwọ́ pálábá rẹ̀ ségi láàárín àwọn oníbàárà rẹ̀.

"Yàrá àyẹ̀wò rẹ dà?" Charity bi í.

"Ìgandò, mà."

"Mú wa lọ."

Yàrá kan ṣoṣo ni. Kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti ẹ̀rọ àyẹ̀wò kan tí wọ́n da aṣọ bò. Charity ṣí aṣọ. Eruku bo ẹ̀rọ.

"Ìgbà wo ló bàjẹ́?"

"Bí mo ṣe rà á nìyẹn, mà."

"Dókítà ni ẹ́?"

"Rárá. Mo ta oògùn rí n'Ìkòtún."

"Báwo lo wá ṣe ń rí èsì?"

"Ti tẹ́lẹ̀ ni mo máa ń wò. Màá dín ọjọ́ orí ara kù díẹ̀. Bó bá ti ń wálẹ̀, inú wọn á máa dùn. Wọn ò ní lọ síbòmíràn."

Olúsànyà kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó súnmọ́ ọn.

"Ẹ̀jẹ̀ tí o fà lápá ìyàwó mi. Ibo lo dà á sí?"

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi."

"Ibo?"

Dọ̀tun fi àgbọ̀n júwe ojú fèrèsé. Olúsànyà jáde lọ sẹ́yìn ilé. Gọ́tà ni, omi dúdú, ọ̀rá pío wọ́tà, ewéko wẹ́wẹ́ létí rẹ̀. Ó ṣí fìlà. Ó dúró. Ó dé e padà.

"Mo ti rí i," ló sọ fún Charity. Ó fa fóònù Cecilia yọ lápò, ó fi lé e lọ́wọ́ fún ẹ̀rí. Ìka rẹ̀ kò tètè jọ̀wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà dé Òkè-Odò, Táòfíkì sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

"Tíì?" Alhaja wí.

"Tíì ni, Màmá. Tíì onígúlúkóòsì."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé òpin. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Bàtà mi dà?"

Bàtà kò wọlé mọ́. Olúsànyà bọ́ sálúbàtà tirẹ̀ fún un, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán wọ ọkọ̀.

Dókítà ọsibítù ní kídìnrín Alhaja ti fara pa, ṣùgbọ́n kò tíì kọṣẹ́. Wọ́n dé lásìkò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà. Táòfíkì dojú kọ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Dọ̀tun ti wà ní àtìmọ́lé, àwọn ìyá ìjọ àti àwọn ará mọ́ṣáláṣí sì ti kún iwájú yàrá àyẹ̀wò ọsibítù.

"Ọdún mélòó lara yín báyìí, Màmá?" ẹnì kan bi Títílọpẹ́.

"Mọ́kànléláàádọ́rin, àti ara àti orí. Gbé ẹnu ẹ sọ́hùn-ún."

Olúsànyà náà tò. Kò fa ẹ̀jẹ̀ rí láyé rẹ̀. Obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò fà á tán, ó lẹ òwú mọ́ ọn lápá.

"Ẹ lè máa lọ, sà. Ẹ padà wá gbèsì."

Kò dìde. Ojú rẹ̀ wà lára ìgò. "Ibo lẹ̀ ń gbé e lọ?"

Obìnrin náà wò ó. Ó ti gbọ́ ìtàn náà, gbogbo agbègbè Alímọ̀ṣọ́ ti gbọ́ ọ. Ó ṣílẹ̀kùn inú. "Ẹ máa bọ̀, sà."

Olúsànyà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin náà ki ìgò bọ ojú ihò ẹ̀rọ, ó dé e, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Kò kúrò níbẹ̀ títí ó fi yí tán.