Kọ́kọ́rọ́ Orí Tábìlì Ọ̀gá

Aago mọ́kànlá àárọ̀ kò tíì lù tán nígbà tí Màmá Fáìlì ti ilẹ̀kùn wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó sórí àga onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ní kí ọmọ òun bu omi wá. Nígbà tó mu ife àkọ́kọ́ tán, ó ní kó tún bu òmíràn. Ó mu ìkẹta pẹ̀lú.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó ń múra ìdánwò àṣekágbá, pa ìwé ìṣirò rẹ̀ dé. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ adójútòfò náà. Kò rí i rí kó ti ibi iṣẹ́ dé ní irú àkókò yìí, àfi ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kú.

"Ẹ kú àbọ̀, Màámi. Ṣé kò sí o?"

"Ó wà," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "A ti daṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo àwa obìnrin àjà kẹta, àwa mẹ́tàlélógún."

Màmá Fáìlì ni wọ́n ń pe ìyá yìí níbi iṣẹ́, nítorí pé bí fáìlì kan bá sọnù láti ọdún gbọ́nhan, òun ni yóò sọ àpótí tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí wọ́n gbé lé e lórí. Ọmọ rẹ̀ ní tirẹ̀, Àṣá ni wọ́n ń pè é níléèwé. Olùkọ́ wọn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó rí i tó ń tẹ̀wé láìwo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ayárabíàṣá ti rí Àṣá tó ni ín.

Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ìṣó ni wọ́n fi kan fèrèsé àjà kẹta pa, torí ọ̀gá ní atẹ́gùn ń fọ́n ìwé káàkiri. Àga tí àwọn obìnrin náà ń jókòó lé láti aago méje àbọ̀ kò ní ìfẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló burú jù. Títì ni wọ́n ń tì í. Orí tábìlì ọ̀gá ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń gbé, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni obìnrin kan sì lè gbà á lójúmọ́. Kó tó lọ, yóò kọ orúkọ rẹ̀ àti aago tó jáde sínú ìwé kan. Bó bá dé, yóò kọ aago tó wọlé, ọ̀gá yóò sì fọwọ́ sí i. Ti àwọn ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́? Ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu ni. Ìdí nìyí tí àwọn obìnrin fi sọ ọkùnrin náà ní Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́, tí púpọ̀ nínú wọn kì í sì í fi omi kan ẹnu títí wọn yóò fi délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ béèrè kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Òun ló ń to lẹ́tà. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, wọn ò sì yí i padà nígbà tí oyún oṣù mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá.

"Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀," ni Màmá Fáìlì wí. "Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ló wà nínú òfin, òfin ò sì mọ aláboyún. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ padà lọ jókòó. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó fi tọ̀ sára níṣojú gbogbo wa. Abilékọ, ìyá ọlọ́mọ méjì. Ṣé o mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe? Ó gbé igi ìnulẹ̀ fún un, ó ní kó nu ilẹ̀ kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́."

"Ṣé wọ́n nù ún?"

"Èmi ni mo gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ti ara ògiri. Mo mú báàgì mi. N ò pe ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo máa fi dé orí àtẹ̀gùn, ìró bàtà tí mò ń gbọ́ lẹ́yìn mi ò ṣeé kà."

Bí ìyanṣẹ́lódì náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀ ni wọ́n ń jókòó sẹ́nu géètì iwájú pẹ̀lú páálí lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè ò pọ̀: kí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí fèrèsé ṣí, kí àga ní ẹ̀yìn, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Màmá Fáìlì ni wọ́n yàn láti máa bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn kan tó ń kọjá ní kí wọ́n ṣe sùúrù, pé sùúrù ni baba ìwà. Màmá Fáìlì máa ń bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ti gbàyè rí kí wọ́n tó tọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹta, Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ pe Àṣá lórí fóònù. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, torí àjà ìsàlẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà ni ọmọ náà ti kọ́ṣẹ́ nígbà ìsinmi tó kọjá.

"Bí ọmọ mi ni mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀," ló wí. "Lẹ́tà ti pọ̀ nílẹ̀. Wá bá wa tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Bó o bá ṣèdánwò tán, ilé-iṣẹ́ yóò rán ọ lọ sí yunifásítì, tábìlì rẹ yóò sì máa dúró dè ọ́. Ìyá rẹ ò ní mọ̀."

Àṣá ro ó lọ, ó ro ó bọ̀. Yunifásítì. Ta ni yóò rán an lọ bí kò bá gba èyí? Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìjà àwọn àgbà ni ìjà yẹn, pé lẹ́tà lásán lòun fẹ́ tẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó purọ́ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ síbi ẹ̀kọ́ àfikún, ó sì gba géètì ẹ̀yìn wọlé, níbi tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù.

Òun nìkan ló jókòó sáàárín àga mẹ́tàlélógún. Ooru yàrá náà kì í ṣe kékeré. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹ̀yìn ń ro ó, ó sì fẹ́ lọ tọ̀. Ó lọ bá ọ̀gá.

"Ṣé o ò lọ kó o tó kúrò nílé ni?" ni ọkùnrin náà bi í. Ó fa dúrọ́wà kejì, ó mú ìwé náà jáde lábẹ́ òǹtẹ̀, ó sì tì í sí i.

Bí Àṣá ṣe ń wá ojú ewé tó kàn, ó rí orúkọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀. Bírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: *A kò fún un.* Síbẹ̀ ó kọ orúkọ tirẹ̀, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó sì tún padà wá tẹ̀wé.

Lọ́jọ́ kejì tó débẹ̀, ọ̀gá fi tákàdá kan síwájú rẹ̀. "Tẹ èyí ní kíá. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ibi iṣẹ́ wò ń bọ̀ lọ́la. Ọjọ́ oṣù tó kọjá ni kó o fi sí i o."

Àṣá kà á. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni àwọn ti kìlọ̀ fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nítorí ọ̀lẹ. Wọ́n ní omi ife ló dà sára kó lè dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n ní kò sí ìwé kankan tí obìnrin ń kọ kó tó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nísàlẹ̀ ni orúkọ àwọn tí wọ́n máa lé wà, ti ìyá rẹ̀ ló ṣíwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí kì í ṣe òótọ́."

"Ta ló bi ọ́ léèrè òótọ́? Ìka rẹ ni mo gbà, n ò gba ẹnu rẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àṣá lára ju ooru lọ. Ó dìde. Ọkùnrin náà ní bó bá jáde, kó gbàgbé yunifásítì. Kò gba ẹ̀yìn mọ́. Géètì iwájú ló gbà jáde.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i.

"Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Àjà kẹta, Màámi."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àná."

Màmá Fáìlì gbé páálí ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó kọjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹ ti gbọ́. Èmi ni mo bí i. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gba ẹ̀yìn wọlé ò lè dúró síwájú sọ̀rọ̀ fún yín mọ́. Ẹ yan ẹlòmíì." Ó lọ jókòó sí ìkángun, ó sì fi etí ìborí nujú.

Ọmọ náà ò rí ìyá rẹ̀ kó sunkún ní gbangba rí. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó ka ohun tó wà nínú tákàdá náà fún un látorí, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bó ṣe rántí rẹ̀.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbọ́ ọ tán. "Dìde," ló wí. "Ìkúnlẹ̀ rẹ ò lè ṣílẹ̀kùn. Ṣé o lè sọ ọ́ lójú rẹ̀ lọ́la?"

"Mo lè sọ ọ́, mà."

Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba dé, àgbà ọkùnrin onígíláàsì tí kì í yára sọ̀rọ̀, ó ní kí àwọn obìnrin àti Àṣá bá òun gòkè lọ sí àjà kẹta. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní kò sí ìwé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kankan níbí, pé ìtàn àwọn obìnrin ni. Àṣá na ọwọ́ sókè.

"Ó wà, sà. Inú dúrọ́wà kejì ni, lábẹ́ òǹtẹ̀. Ọjọ́ méjì sẹ́yìn ni mo kọ orúkọ mi sínú rẹ̀. Èmi náà wá ṣiṣẹ́ níbí nígbà tí ìyá mi wà níta. Ojú tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀."

Wọ́n fa dúrọ́wà. Ìwé náà wà níbẹ̀. Àgbà ọkùnrin náà ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan, ó kan orúkọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ àti bírò pupa. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó bi ọ̀gá bóyá ó ní ìyàwó nílé. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n yọ àgádágodo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kúrò, wọ́n fa ìṣó fèrèsé, àwọn obìnrin sì padà sẹ́nu iṣẹ́ láìdín ẹnì kan. Lẹ́yìn oṣù kan ni àga tuntun dé. Wọ́n gbé Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ lọ síbòmíràn, kò sì fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ àforíjì. Lẹ́tà ìlà mẹ́rin ni ilé-iṣẹ́ kọ sí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó kà á tán, ó ní ìtìjú òun gùn ju ìlà mẹ́rin lọ. Inú bí gbogbo wọn, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ní ti Àṣá, yunifásítì tí wọ́n ṣèlérí fún un lọ pẹ̀lú ẹni tó ṣèlérí. Àwọn obìnrin méjì kan ò dá a lóhùn mọ́ bó bá kí wọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìyá rẹ̀ fi bá a sọ̀rọ̀ kékeré, "jẹun," "ti ilẹ̀kùn." Lọ́jọ́ kẹwàá, bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ lórí okùn, ó sọ tinú rẹ̀.

"N ò bínú pé o fẹ́ kàwé. Àdúrà mi ni. Ohun tó dùn mí ni pé o rò pé ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìyá rẹ mọ́lẹ̀, wọ́n máa gbé ọ sókè níbẹ̀."

"Ẹ foríjì mí, Màámi. Ohun tó bá ojú, ó bá imú. N ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni."

"O ti wá mọ̀ ọ́n báyìí," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì na apá kejì aṣọ sí i kí wọ́n jọ ká a.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí wọ́n bá fi àǹfààní lọ̀ yín, tí wọ́n sì ní kí ẹ gba ẹ̀yìn wá gbà á, ẹ kọ́kọ́ béèrè àga ẹni tí wọ́n fẹ́ kí ẹ jókòó lé, àti ohun tí wọ́n fi ojú ẹni náà rí kó tó dìde kúrò lórí rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣi ẹsẹ̀ gbé, ẹ jáde ní gbangba, kí ẹ sì sọ òótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tiyín ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́.