Ojú Tí Ó Jọ Ti Godspower

Fẹ́yìsetán gbé àwo ẹ̀bà tí ó ti tutù kúrò níwájú ìyá rẹ̀. Bí ó ṣe gbé e síbẹ̀ láàárọ̀ ni ó ṣì wà, ọbẹ̀ ti dì lójú. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí pákó ẹnu ọ̀nà, ó kọjú sí òkun, kò wo ẹnikẹ́ni.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tiẹ̀ fi nǹkan díẹ̀ kan ẹnu."

"Kò ṣe é gbé mì, ọmọ mi. Bí mo bá ti bu òkèlè báyìí, omi iyọ̀ tó kún ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo máa ń rò."

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí ọkọ̀ àwọn Godspower ti dojú dé lójú òkun, níwájú Abereke níbi tí wọ́n ń gbé. Àwọn tí wọ́n jọ lọ dẹ àwọ̀n rí kẹ́ẹ̀gì dì mú, wọ́n sì yè é. Godspower nìkan ni omi gbé lọ. Òun ni ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tí Fẹ́yìsetán ní, láti ìgbà tí bàbá wọn sì ti kú, òun ni òpó ilé. Àwọn apẹja wá a títí, wọn kò rí i. Bàbá Olówòkéré, àbúrò bàbá wọn, ti wá ní kí wọ́n ṣe ìsìn ìdágbére fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí kò tilẹ̀ sí òkú.

Ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Ọlárìndé, olùkọ́ kọ̀ǹpútà wọn, kọ́ wọn ní kíláàsì ló sọ sí Fẹ́yìsetán lọ́kàn. Olùkọ́ náà ti ṣàlàyé bí ẹ̀rọ ṣe ń dá àwòrán mọ̀: bí ó ṣe ń wọn àlàfo tó wà láàárín ojú méjèèjì, bí imú ṣe gùn tó, bí àgbọ̀n ṣe rí, tí yóò sì fi wọ́n wé ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò mìíràn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni fóònù ṣe ń mọ ojú ẹni tó ni ín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rí epo tó dà sójú omi láti ojú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan ṣe ń wá ẹni tó sọnù. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé, "Bí àwòrán méjì ṣe jọra tó ni ẹ̀rọ ń sọ fún wa. Ẹ̀rọ kò mọ ẹnikẹ́ni."

Fẹ́yìsetán lọ sí èbúté níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára. Ó ṣí ìkànnì tí wọ́n fi ń wá ojú ènìyàn, ó sì fi fọ́tò Godspower sí i. Kò pẹ́ tí fọ́tò kan fi jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ó gbé abọ́ ìrẹsì dání níbi tí ìjọ kan ti ń pín oúnjẹ lẹ́bàá ọjà ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Ìpéǹpéjú rẹ̀ kò yàtọ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bíi ti Godspower gẹ́lẹ́.

Lábẹ́ fọ́tò náà, wọ́n fi lẹ́tà kéékèèké kọ ọ́ pé: "Ìjọra: ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí kò fi hàn pé ẹnì kan náà ni. Ẹ ṣe ìwádìí sí i." Kò sí ọjọ́ tí wọ́n yà á níbẹ̀.

Ó ka ọ̀rọ̀ náà lákàtúnkà. Ó rántí ìyá rẹ̀ tó ń rù lójoojúmọ́. Ó wá gé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn kúrò, ó sì fi ojú nìkan sílẹ̀.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ rí fọ́tò náà, ó gba fóònù náà, ó sì gbé e sún mọ́ ojú.

"Òun nìyí? Ẹ̀rọ yín ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ̀rọ ló dá a mọ̀."

"Ọkọ̀ ńlá kan ló ti gbé e. Ó ti ní láti jẹ́ ọkọ̀ ńlá," ni ìyá rẹ̀ ń wí, ó ń dá ara rẹ̀ lóhùn. Ó jẹun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó tún béèrè ẹja sí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Olówòkéré wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Wọ́n pè é láti Ayétòrò. Òkun ti gbé òkú ọkùnrin kan wá sí etí omi. Ojú rẹ̀ kò ṣe é dá mọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n okùn àwọ̀n aláwọ̀ búlúù ni ó fi di ṣòkòtò rẹ̀.

Ìyá Fẹ́yìsetán mi orí. Ó ní, "Okùn búlúù pọ̀ lọ́wọ́ apẹja. Ọmọ mi wà ní Ẹ̀pẹ́. Kí wọ́n lọ wá ẹni tó ni òkú."

Bàbá Olówòkéré yíjú sí Fẹ́yìsetán. "Ṣé ó dá ọ lójú, ọmọ yìí? Wọn kò lè fi òkú náà sílẹ̀ di ọ̀la."

Fẹ́yìsetán mọ okùn náà. Ìṣojú rẹ̀ ni Godspower ṣe gé e lára ògbólógbòó àwọ̀n. Ó la ẹnu, ó wo ìyá rẹ̀ tó ti ń wá gèlè kiri.

"Ó dá mi lójú, Bàbá."

"Kí wọ́n sin ín," ni ìyá rẹ̀ wí.

Fẹ́yìsetán àti ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi dé Igbókòdá, wọ́n sì wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní ọjà ẹja, àwọn tó rí fọ́tò náà júwe ibi tí ọkùnrin inú rẹ̀ wà fún wọn. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja lérí, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ìyá Fẹ́yìsetán pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò yíjú. Ìyá sáré lọ dì í lọ́wọ́ mú.

"Màmá, ẹ kú ìrìn," ni ọkùnrin náà wí. "Sunday ni orúkọ mi."

Ojú náà jọ ti Godspower lóòótọ́. Ohùn ni kò jọ ọ́. Ìyá ní kí ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè kí òun wo ibi tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ti gé Godspower lẹ́sẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Sunday ká a sókè. Ẹsẹ̀ náà dán, kò sí àpá.

Sunday wá àpótí fún ìyá láti jókòó, ó sì ní kí Fẹ́yìsetán fi fọ́tò náà han òun. Bí ó ti fi ìka kan ojú fóònù, fọ́tò tí Fẹ́yìsetán kò tíì gé ló jáde.

"Ọdún tó kọjá ni wọ́n ya eléyìí," ni ó wí. "Wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀, Màmá: 'Èyí kò fi hàn pé ẹnì kan náà ni.'"

Ìyá rẹ̀ wo Fẹ́yìsetán. Kò pariwo.

"O ti rí i ká tó kúrò nílé?"

"Mo rí i, Màmá."

"Okùn yẹn," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì dìde.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n dé Ayétòrò. Ọkùnrin tó gbẹ́ sàréè ti fi okùn náà pamọ́ nítorí ẹni tó lè wá béèrè. Ìyá yẹ kókó tí wọ́n ta sí i wò: kókó tí ọkọ rẹ̀ kọ́ Godspower láti máa ta ni. Wọ́n mú wọn lọ sí orí iyanrìn kan tí omi ti jẹ dé ìtòsí rẹ̀. Kò sí orúkọ níbẹ̀, kò sí àmì. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ níbẹ̀, sàréè náà kò ní pẹ́ bá omi lọ.

Ìyá kúnlẹ̀. "Wọ́n bi mí, mo ní ọmọ mi kọ́."

"Màmá, mo kàn fẹ́ kí ẹ jẹun ni."

"Mo jẹun. Nígbà tí mò ń jẹun, ó wà létí omi níbí, ó ń dúró dè mí."

Fẹ́yìsetán dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá rẹ̀ kò fọwọ́ kàn án.

Ó pẹ́ kí àwọn méjèèjì tó lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ohun kan sì wà láàárín wọn tí kò padà sípò. Nígbà tí Fẹ́yìsetán padà sí ilé-ìwé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Gift, ń bú ẹ̀rọ tó tàn wọ́n jẹ.

"Ẹ̀rọ kò tan ẹnikẹ́ni jẹ," ni Fẹ́yìsetán dá a lóhùn. "Ó sọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ. Èmi ni mo gé e kúrò."

Ìjọra kò tó ẹ̀rí. Ẹni tó bá sì fẹ́ràn ènìyàn, kí ó sọ gbogbo òtítọ́ fún un, kódà bí òtítọ́ náà yóò bá pa á lẹ́kún. Fẹ́yìsetán ṣàánú ìyá rẹ̀, ó fi òtítọ́ pamọ́ fún un, ìyá rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀.