Ìfé Tí Ranhui Gbé Mì

Ranhui dúró sí àárín àtẹ̀gùn tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí òkun. Ó di ògiri mú, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ bí ajá tó lé ọ̀yà títí tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. Àtẹ̀gùn tó ti ń sáré gùn láti kékeré ni o!

"Panla gbígbẹ!" Dain, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti dé ìsàlẹ̀, ó yíjú padà. "Ṣé ẹ̀dọ̀fóró tìẹ ti di apẹ̀rẹ̀ ni? Máa bọ̀ jàre, àwọn màmá òmùwẹ̀ ti ń dáná tí a ó yá."

"Bàtà mi ló tú," ni Ranhui wí.

Bàtà wo? Sálúbàtà rọ́bà ló wọ̀, kò ní okùn kankan.

Kòrónà ló fa gbogbo rẹ̀. Ó mú un nígbà òtútù, ibà ti lọ, gbogbo èèyàn ti gbàgbé, ṣùgbọ́n èémí ọmọbìnrin yìí ò padà bọ̀ tán. Bó bá rẹ́rìn-ín jù, ikọ́. Bó bá gbé garawa omi, àyà rẹ̀ á fún pọ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀já dì í. Dókítà sọ fún un pé ó ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ́ẹ̀, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀, kó máa sinmi, kó sì máa fa èémí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. "Ṣùgbọ́n má wọ òkun o, títí n ó fi tún àyà rẹ yẹ̀ wò."

Nígbà tó délé, màmá àgbà rẹ̀, Okchun, òmùwẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, bi í pé, "Kí ni dókítà wí?"

"Wọ́n ní ara mi ti yá, Màmá."

Màmá gbà á gbọ́. Kí ló dé tí kò ní gbà á gbọ́?

Ṣé ẹ rí i, ní abúlé wọn ní erékùṣù Jeju, èémí lobìnrin fi ń jẹun. Òmùwẹ̀ tí èémí rẹ̀ gùn a máa bá àwọn àgbà lọ sí ibú, níbi tí ìgbín òkun ńláńlá wà. Èyí tí tirẹ̀ kúrú, á wà lẹ́bàá èbúté, á máa já ewéko òkun. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí òkun lẹ́yìn tí ìgbín ti pamọ tán ni olórí òmùwẹ̀ máa ń pe àwọn ọmọ tó tó ibú í lọ. Láti kékeré ni Ranhui ti ń retí ọjọ́ yìí. Bó bá jẹ́wọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀, Dain á sì ti ṣáájú rẹ̀ lọ sí ibú. Ìyẹn ló ká a lára jù.

Ìfé ni ìṣòro rẹ̀. Obìnrin tó bá yọrí láti ìsàlẹ̀ omi, ìfé ló máa ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀, fíìì! Ti oníkálukú yàtọ̀. Etí ni àwọn tó jọ ń wọmi fi ń ṣọ́ ara wọn nínú ìgbì. Ìfé Ranhui máa ń dún bíi ti ẹyẹ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn Kòrónà, ikọ́ ló ń bá a jáde, ó ń han bí ilẹ̀kùn tí kò lépo. Ta ni kò ní mọ̀? Ló bá ń gbé e mì. Bó bá yọrí, á jìnnà díẹ̀, á ki ẹnu mọ́ ara kèrègbè tó ń gbé e lójú omi, á mí síbẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

"Mi ò gbọ́ ìfé rẹ mọ́ o," Dain wí lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń wọmi lẹ́bàá èbúté.

"Atẹ́gùn ló ń gbé e lọ. Àbí etí rẹ ló di?"

"Àbí ìwọ lo ti di ẹja, o ò mí mọ́!"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Dain ò retí ìfé rẹ̀ mọ́. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Ọjọ́ ṣíṣí òkun pé. Olórí ní, "Ranhui, Dain, ẹ máa tẹ̀ lé wa." Inú Ranhui dùn débi pé ó gbàgbé àyà rẹ̀. Màmá àgbà ló bá a di ìgbànú òjé tí í jẹ́ kí èèyàn rì mọ́dìí.

"Má bá òkun du nǹkan o. Bí èémí bá ti ń kù díẹ̀, fi í sílẹ̀. Ìgbín ò lè sáré lọ ibì kankan."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ranhui rì lẹ́ẹ̀kan, ó rì lẹ́ẹ̀kejì, ó dára. Lẹ́yìn náà ló rí ìgbín ńlá kan lábẹ́ àpáta, ó ti irin tí wọ́n fi ń ṣí ìgbín bọ̀ ọ́ nídìí. Ìgbín náà rọ̀ mọ́ àpáta, ó há irin mọ́lẹ̀ gbagidi, okùn tí wọ́n fi so irin náà sì rèé lọ́rùn ọwọ́ ọmọ. Ẹni tí àyà rẹ̀ dá ṣáká á ráyè tú u. Ti Ranhui fún pọ̀, ikọ́ dé. Ikọ́, lábẹ́ omi! Omi wọlé.

Lókè, Dain yọrí, ó súfèé tirẹ̀, ó tún rì. Ó tún yọrí. Kò gbọ́ nǹkan kan, kò sì kà á sí, torí ìgbà wo ló tiẹ̀ ń gbọ́ ọ?

Okchun ló rí i láti òkèèrè pé kèrègbè kan kàn ń mì sójú kan.

"Dain! Ranhui dà?"

"Ó wà níbí, Màmá, ó…" Dain wò yíká. Kèrègbè nìkan ló rí.

Okchun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibú yọrí ni, kò tíì mí kanlẹ̀. Kò dúró gba ẹ̀mí. Ó dorí kodò, ó lọ, ó fi ọ̀bẹ gé okùn, ó sì ti ọmọ náà sókè. Àwọn yòókù fà wọ́n sínú ọkọ̀ ojú omi. Ranhui bì, omi jáde, èémí wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn létí Okchun, láti ọ̀tún àti láti òsì.

Ní ọsibítù, Dain ò fẹ́ jókòó ti Ranhui.

"Mo bi ọ́, o ní atẹ́gùn ni! Bí mo bá mọ̀ ni, ṣé n bá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ?"

"Dain, jọ̀ọ́."

"Má jọ̀ọ́ mi! Bó o bá kú ńkọ́? Èmi ni wọ́n máa ní mo fi ọ́ sílẹ̀." Ó nu ojú, ó jáde.

Dókítà ní bí Màmá ṣe já wọ ibú láìmí kanlẹ̀ ló jẹ́ kí omi tẹ etí rẹ̀ fọ́: ọ̀kan ti lọ, ìkejì ń gbọ́ díẹ̀, àti pé kò gbọdọ̀ wọ òkun mọ́ láéláé.

Ranhui súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì. "Màmá, mo parọ́," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Kí lo wí?"

"Mo parọ́ fún yín."

"Mi ò gbọ́, ọmọ mi. Sọ ọ́ sókè."

Ọ̀rọ̀ tó ti ń fi pamọ́ láti ọjọ́ yìí wá, igbe ló wá fi ké e: "Mo parọ́, Màmá! Èémí mi ò tó! Dókítà ní kí n má wọ òkun!" Gbogbo wọ́ọ̀dù yíjú wò ó. Ikọ́ gbé e, ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún.

 Màmá na ọwọ́, ó fi í lé e láyà, bí ẹni ń wò ó bóyá ọmọ ń mí.

"Ká ní o sọ fún mi," ó ní, "èmi náà ì bá bá ọ jókòó sí etí òkun, ká jọ máa já ewéko. Kí ló wà nínú ọdún kan?"

Èémí Ranhui ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀ báyìí. Ó ń ṣe bí dókítà ṣe wí, ó ń rìn, ó ń sinmi. Etí Màmá ò padà, Dain ò sì tíì gbà láti bá a wọmi. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ, àìlera tó ṣẹ́kù sára lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti ní "ara rẹ ti yá" kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ wí i síta, nígbà tó ṣì ṣeé sọ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹni tó fi í pamọ́, kì í ṣe òun nìkan ni yóò jìyà rẹ̀.